Àwọn Arúfin Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ọ̀nà Tí A Fi Ń Kọ́ Wọn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí Ìjàyè-Orílé ní òwúrọ̀, tí ó sì kọjá lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tàbí méjì, kì yóò ṣàì gbọ́ orin kan tí kò ní ìlù tí kò sì ní ijó: go, went, gone, see, saw, seen, take, took, taken. Àwọn ọmọ a máa ké e lóhùn kan, olùkọ́ a sì máa fi pàṣán lu tábìlì kí ohùn wọn lè ṣe déédéé. Ẹni tí ń lọ sí oko yóò gbọ́ ọ, yóò sì wí nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa níbẹ̀. Èrò tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú wa kí ó yọ̀ǹda ojú-ìwé díẹ̀ fún mi, kí n lè bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sọ̀rọ̀. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú rẹ̀ tí ó tóbi ju ẹnu mi lọ.

Ohun tí mo fẹ́ wí kò pọ̀. Mo ní àkójọ onílà-mẹ́ta yìí, tí a ń fi há ọmọ lórí kí ó tó mọ ohun tí a ń fi í ṣe, ìparí iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó wà, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn ni ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀. Mo sì ní ọmọ tí ó bá wí pé goed yẹ fún ìyìn díẹ̀ kí ìtọ́sọ́nà tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọmọ náà ti ń bọ̀. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pààrọ̀ aṣọ. Mo lọ sí oko lánàá. Mo ń lọ sí oko. Mo ti lọ sí oko rí. Èmi yóò lọ sí oko lọ́la: lọ kan náà ni ó wà níbi gbogbo, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Àní bí a bá wí pé "Mo lọ," tí a kò fi ohunkóhun kún un, ẹni tí ń gbọ́ mọ̀ pé a ti lọ, ọ̀ràn ti parí. Nítorí náà bí ọmọ Ìjàyè bá wí pé "I go to farm yesterday," kò ṣe ìmẹ́lẹ́ rárá. Èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi òótọ́ inú túmọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un ni pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi àkókò sí. Mo ti rí ọmọ kíláàsì karùn-ún tí ó ka ọgọ́ta nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè pé kí ni ìlà àárín wà fún, ó ní ìlà àárín ni.

Ìlà kẹta pàápàá kì í dá rìn. Gone, seen àti taken kò lè dúró láìní have tàbí be lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kọ́ ọmọ láti ké wọn bí ẹni pé wọ́n lè dá ilé gbé. Ti inú èdè wa súnmọ́ have yìí gan-an: mo ti lọ, I have gone. Kò bá a mu ní gbogbo ọ̀nà, mo mọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a wí pé I have gone yesterday, bẹ́ẹ̀ àwa lè wí pé mo ti lọ lánàá. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi ṣí ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú márùn-ún kò sì ní í pé lórí rẹ̀ bí olùkọ́ bá fi Yorùbá ṣàlàyé.

Goed yàtọ̀ sí I go yesterday pátápátá, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìyà kan náà ni a ń fi jẹ àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ó wí pé I go yesterday kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ń yí padà. Ẹni tí ó wí pé I goed ti mọ̀. Ta ni ó kọ́ ọ ní goed? Olùkọ́ rẹ̀ kò wí i sí i létí rí, kò sì kà á nínú ìwé. Ó ti gbọ́ wanted, ó ti gbọ́ begged àti ended, ó sì ti fúnra rẹ̀ rí òfin tí ó so wọ́n pọ̀. Ní ọdún 1958, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Jean Berko, fi irú nǹkan báyìí hàn. Ó hùmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, irú bí rick. Ó ní kí àwọn ọmọ kéékèèké sọ ohun tí ọkùnrin kan ṣe lánàá, bí ó bá jẹ́ pé rick ni ó mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ wọn sì dáhùn pé ricked. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tìkára wọn, tí wọ́n mu èdè náà mọ́ ọmú ìyá wọn, ń wí goed àti comed ní ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti ń wí went dáadáa tẹ́lẹ̀. Ìyá ọmọ kì í torí rẹ̀ nà án. Yóò wí pé, "Yes, you went," yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwa olùkọ́ ni a sọ wọ́n di arúfin. Bí a bá wádìí ìtàn wọn, a ó rí i pé àgbà ìlú ni wọ́n, òfin ni ó wá bá wọn nílé. Láti ìgbà tí ojú kò tó mọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ bí sing, drink, swim àti begin ti ní òfin tiwọn, èyíinì ni kí ohùn inú ọ̀rọ̀ yí padà: sang, drank, swam, began. Fífi -ed kẹ́yìn ọ̀rọ̀ jẹ́ àṣà tí ó dé lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n àṣà náà rọrùn, nígbà tí àwọn ará Normandy sì ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní 1066, tí ọ̀rọ̀ Faransé ń wọlé wìtìwìtì, abẹ́ -ed ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn wọ̀ sí. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun bá dé, ibẹ̀ ni ó ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ti bá spake àti brake pàdé níbẹ̀, ẹ sì ti bá holpen pàdé. Holpen ti di helped, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sunkún rẹ̀. Ní ọdún 2007, Erez Lieberman àti Jean-Baptiste Michel, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Harvard, tọpasẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ 177 láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wá. 98 péré ni ó ṣì ń rin ìrìn àtijọ́ náà lóde òní. Àwọn wo ni ó ṣẹ́kù? Àwọn tí ẹnu ń pè lójoojúmọ́ ni. Ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láràárọ̀ kì í hu koríko. Èyí tí a pa tì ni igbó ń gbà. Be, have, do, say, get, make, go, know, take, see: mẹ́wàá tí ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ń lò jùlọ nìyí, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ó tẹ̀lé -ed. Kò sí ọ̀nà àbùjá tí ọmọ lè gbà yẹra fún wọn.

Ohun kan tún wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ, bóyá nítorí pé ó dà bí òdìkejì ohun tí a rò. Fún etí ọmọ Yorùbá, àwọn arúfin rọrùn láti gbọ́ ju àwọn tí ń pa òfin mọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ wa kì í parí sí ìró bí k tàbí t. Ohùn tí ẹnu là sí, tàbí èyí tí ó gba imú jáde, ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Walked parí sí k àti t, tí kò sí ohùn kankan láàárín wọn tàbí lẹ́yìn wọn. Etí tí a tọ́ dàgbà nínú èdè wa a gbọ́ walk, a sì sọ ìyókù nù. Helped àti asked kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, -ed yìí tí a ń pè ní òfin kan ní ohùn mẹ́ta: t ni ní ìparí walked, d ni ní ìparí begged, ó sì di odindi ìró kan sí i nínú wanted. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ saw tí yóò pè é ní see? Came, took, went, fell, gbogbo wọn ni ó ń wọ etí ní kíkún. Etí tí ó lè fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, kò yẹ kí sing àti sang dẹ́rù bà á. Etí ni ẹ̀bùn tí ọmọ wa mú wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ojú àti pátákó ni a sì ń fi gbogbo agbára wa ṣiṣẹ́ lé lórí.

Àwa náà kúkú ní arúfin tiwa. Ó wà nílé, ni a ń wí. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó ní kò sí nílé. Níbo ni wà lọ? Èmi ni, ni a ń wí. Bí a bá sẹ́ ẹ, ó di èmi kọ́. Ọ̀kan kò jọ èkejì, gẹ́gẹ́ bí went kò ti jọ go. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ̀dó sí Ìjàyè ní 1853, nígbà ayé Kúrunmí, ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ sì jáde láti Smithsonian ní Washington ní 1858. Irú nǹkan báyìí ni ó ní láti máa ṣà jọ lẹ́nu àwọn ará ìlú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ọmọ Ìjàyè ìgbà náà bá rẹ́rìn-ín sí i lọ́nà ọjà, n kò ní í bá wọn wí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ wà àti kò sí sí ara pátákó fún àwa. Ìdí ààrò ìyá wa ni a ti gbọ́ ọ.

Ẹnìkan lè dá mi dúró níhìn-ín pé kò sí ààrò kan ní Ìjàyè tí a ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nídìí rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ẹnu olùkọ́ nìkan ni ààrò tí ọmọ náà ní, kò sì ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí a bá fi ìṣẹ́jú wọ̀nyí ké ìlà mẹ́ta, ọmọ yóò padà sílé láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ní ọjọ́ náà. Orúkọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbọ́.

Àwọn àgbà kan yóò dáhùn pé báyìí ni a ṣe kọ́ àwọn, pẹ̀lú àkọ́sórí àti ẹgba, wọ́n sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Mo gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀pọ̀ nínú wọn dára ju tiwa lọ, ojú kò sì tì mí láti wí i. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni ó ń jẹ́rìí yìí? Àwọn tí ó dúró ní kíláàsì títí dé òpin ni. Àwọn tí ó sá fún ẹgba went àti saw, tí wọ́n padà sí oko tàbí tí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kò sí ẹni tí ń bi wọ́n léèrè. A kì í fi ebè tí ó ta nìkan mọ bí ọdún ti rí. A ní láti ka èyí tí ó ṣófo pẹ̀lú.

Ní ìletò kan ní agbègbè Ìjàyè, níbi tí a rán mi lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí kò sí ẹni tí ó mọ àlọ́ pa tó o. Bí ó bá ń sọ ti Ìjàpá, àwọn ọmọ kíláàsì kejì a máa sá wá sí ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ kan, lásìkò Gẹ̀ẹ́sì, a ní kí ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe ní ọjà. Ó ní, "My mother selled yam and buyed pepper." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tí ó ni kíláàsì kọ selled àti buyed sí ara pátákó, ó sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ̀mọ̀wé. Láti ọjọ́ náà títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, ọmọ yìí kò tún na ọwọ́ sókè lásìkò Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ bought nísinsìnyí, n kò jiyàn. Mo rí i nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ohùn rẹ̀ ni a fi rà á.

Ní ti ìrántí, kò yẹ kí a máa fi àbá ṣe é, nítorí àwọn ènìyàn ti wádìí rẹ̀. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, fi orí ara rẹ̀ dán an wò, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1885. Àwọn ìró tí kò ní ìtumọ̀ ni ó ń há sórí. Ó rí i pé kí ọjọ́ kan tó pé, púpọ̀ nínú wọn ti fò lọ, àti pé àtúnkọ́ tí a pín sí ọjọ́ mélòó kan ń dúró ju èyí tí a kó jọ sí ọjọ́ kan lọ. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dán òmíràn wò. Àwọn kan ka ìwé kan ní àkàtúnkà. Àwọn mìíràn kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n sì gbìyànjú láti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ni ó borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó fi orí wá a ni ó rántí jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé orin ìlà mẹ́ta wa. Wákàtí kan ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn kò yé ọmọ, àádọ́ta ẹnu tí ń pariwo pọ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ẹnu bá wọn lọ kí olùkọ́ má sì mọ̀. Bí a bá ní kí ènìyàn hùmọ̀ ọ̀nà tí ọmọ yóò fi gbàgbé kíákíá, n kò mọ̀ bí yóò ti ṣe é yàtọ̀. Àwọn ọdẹ wa tí ń sun ìjálá ní ọ̀rọ̀ lórí ju ìwé gírámà lọ. Ẹni tí ń kọ́ ọ a máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí òde, a gbọ́, a gbè é, títí ọjọ́ kan tí a ó ní kí ó dá ṣe é.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ì bá ti ṣe é, kí n sì mú àpẹẹrẹ wá láti Ìjàyè fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ìtàn náà. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ó jẹ́ olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ Àtìbà, ní Aláàfin, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́. Ọmọ Kúrunmí márùn-ún ṣubú nínú ogun náà, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1861, ìlú sì fọ́ ní oṣù March 1862. Àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta àti ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí kí olùkọ́ tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, kí ó sì máa fi ọwọ́ àti ojú ṣàpèjúwe: Kurunmi said no. War broke out. The Ibadan army came. The men of Ijaye fought. Kurunmi lost five sons. The town fell. The people left their houses and fled. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀, arúfin sì ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. N kò wá wọn kiri. Ìtàn ogun kò ṣeé sọ ní Gẹ̀ẹ́sì láìlò wọn.

Ní ọjọ́ kejì, kí ó má tún ìtàn náà kà. Kí ó bi wọ́n léèrè: What did Kurunmi say? Who came? Where did the people go? Ibí yìí ni ọ̀ràn mìíràn yóò ti yọjú, nítorí àwọn ọmọ yóò fẹ́ wí pé did went àti did came. Ẹrù kan ni àkókò jẹ́. Bí did bá ti rù ú, go a máa rìn lọ́wọ́ òfo. Mo ti fi gbólóhùn yìí ṣe ìdánwò, mo ní kí ọmọ kan gbé agbọ̀n rù, kí èkejì máa tẹ̀lé e lọ́wọ́ òfo yí kíláàsì ká, n kò sì ní láti tún un ṣàlàyé fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tún béèrè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tún béèrè, nígbà náà kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì sọ ìtàn ilé tirẹ̀, ta ni ó kọ́ ọ, ibo ni wọ́n ti wá. Came, built, bought, gave, grew, yóò máa jáde fúnra wọn. Bí ẹnìkan bá wí pé buildèd, kí olùkọ́ dáhùn pé, "Yes, he built it," kí ìtàn sì máa lọ.

Bí wọ́n bá ti di ogún tàbí ọgbọ̀n, a lè wá fi ojú ẹbí wò wọ́n. Àwọn kan dà bí ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa, wọn kì í pààrọ̀ aṣọ rárá: put, cut, shut, hit, set, let. Ó yẹ kí àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ Yorùbá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, n kò sì mọ ìdí tí ìwé fi ń tú wọn ká káàkiri nítorí a, b, d. Bring, buy, fight, think, teach àti catch parí sí ohùn kan náà nínú brought, bought, fought, thought, taught àti caught, bí a tilẹ̀ ń kọ wọ́n ní onírúurú. Send, lend àti spend fi t rọ́pò d. Went jẹ́ àlejò: ara wend ni ó ti wá, go ni ó gbé e sọ́dọ̀. Nígbà yìí ni kí ọmọ fúnra rẹ̀ fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì kọ gbólóhùn kan láti inú ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àkójọ rẹ̀ nìyẹn, bí àgbẹ̀ ti ń ka ebè lẹ́yìn tí ó ti kọ ọ́.

Ìdẹkùn kò ní í tán síbẹ̀. Leave àti live ń jọ ara wọn lẹ́nu wa, tí left àti lived kò sì jọ. Fall àti feel ń bí fell àti felt. A found ohun tí ó sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá ìjọ sílẹ̀, founded ni ó ṣe. Lie, lay, lain àti lay, laid, laid ń da àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá láàmú, nítorí náà kí a má ṣe torí wọn gba oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹnìkan bá sì bẹ̀rù pé fífi Yorùbá ṣàlàyé yóò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, kí ó rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí a fi ìdánwò wọ̀n wọ́n, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní kíláàsì òkè.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin olùkọ́ wa. Nígbà tí ẹ bá tún wá wo iṣẹ́ wa ní ìletò, tí ẹ bá kíláàsì kan tí kò ké ìlà mẹ́ta, tí ọmọ kan ṣoṣo dúró tí ń sọ bí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe dé Ìjàyè, tí ó sì ń kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bí ó ti ń lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ máàkì. Ẹ jókòó sẹ́yìn títí yóò fi sọ ọ́ tán, kí ẹ sì ka iye arúfin tí ó lò tí ó tọ̀nà. Àwa náà yóò ti máa kà á.

Mo ti kọ ìtàn ogun Ìjàyè náà sí ojú-ìwé méjì ní Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ kíláàsì karùn-ún lè gbọ́, pẹ̀lú ìbéèrè ogún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ nínú ẹ̀yin tí a ó rán lọ sí ìhà Akínyẹlé àti Lágelú ní sáà tí ń bọ̀, kí ó mú tákàdá tirẹ̀ wá kí ó sì dà á kọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo ní.